Ìlà Funfun Ara Táìlì Púùlù: Ibi Tó Ti Wá àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Kúrò

  

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bójú tó ilé kan ní Lẹ́kí tí àwọn àlejò máa ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní short-let. Púùlù kékeré kan wà lẹ́yìn ilé náà. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní púùlù dọ̀tí. Omi yẹn mọ́ gaara o! Ohun tí àlejò rí ni ìlà funfun kan tó yí etí púùlù po, níbi tí ojú omi ti ń kan táìlì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò. Ó fi Hypo fọ̀ ọ́, kò mira. Ló bá ní kí bọ̀dá tó ń tọ́jú púùlù lọ ra ásíìdì wá.

Bọ̀dá ra ásíìdì, ó dà á sínú korobá tó wà nílẹ̀. Korobá tí wọ́n fi ń bu kílórìn ni, ìyókù rẹ̀ sì ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ará, èéfín tó jáde nínú korobá yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Bọ̀dá sá, ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ọpẹ́ ni pé ìta gbangba ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Títí di ọjọ́ kejì ni ọ̀nà ọ̀fun ṣì ń ta á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kó tó di pé ẹnìkan pa ojú ìwé yìí dé: ásíìdì àti kílórìn kò gbọdọ̀ pàdé. Gáàsì tó ń jáde tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n fi jagun ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915. Hypo tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, ọmọ ìyá kílórìn ni. Fínígà tó wà ní kíṣìnì, ásíìdì lòun náà. Nítorí náà, kódà fínígà àti Hypo, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ó yá, kí wá ni ìlà funfun yìí gan-an? Òkúta ni. Òkúta ẹfun, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní calcium carbonate. Irú òkúta yìí náà ni wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kò fi ràn án. Ta ló ń fi ọṣẹ fọ òkúta kúrò lára ògiri?

Ṣúgà àti iyọ̀ máa ń tètè yòrò nínú omi gbígbóná. Ti òkúta ẹfun yàtọ̀: bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni yíyòrò ń nira fún un. Oòrùn ń pa táìlì etí púùlù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, omi tó ta sí i lára ń gbẹ, kálísíọ̀mù inú omi yẹn kò sì lè bá a fò lọ. Ó dúró sára táìlì. Ọ̀la tún dé, ìpele mìíràn lé e. Tí pH omi bá tún ti ga ju 7.8 lọ, ó di pé omi fúnra rẹ̀ ń wá ibi tí yóò so òkúta rẹ̀ mọ́.

Ibo wá ni kálísíọ̀mù ti ń wá? Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ bá ẹni tó gbẹ́ bóhòlù jà. Mo ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Kílórìn oníhóró wẹ́wẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, calcium hypochlorite ni orúkọ rẹ̀, kálísíọ̀mù sì ti wà nínú rẹ̀. Kílórìn inú rẹ̀ á ṣiṣẹ́, á lọ. Kálísíọ̀mù á dúró. Púùlù tó bá ń jẹ mílígíráàmù 2 kílórìn nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ yóò ti kó nǹkan bíi 40 kún líle omi rẹ̀ lóṣù kan. Ìwọ̀n tí púùlù nílò lápapọ̀ kò ju 200 sí 400 lọ! Òjò máa ń bá wa dín in kù, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ táìlì náà lè máa tú kálísíọ̀mù sómi, pàápàá tí púùlù bá jẹ́ tuntun tàbí tí omi bá kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kán fínígà díẹ̀ sórí ìlà náà. Tó bá hó, òkúta ẹfun ni, ó máa gbọ́ràn. Tí kò bá hó rárá, tó le, tó rí bí eérú, ó lè jẹ́ calcium silicate, ìyẹn sì gba sùúrù àti ẹni tó mọṣẹ́.

Tiwa hó. A fa omi wálẹ̀ díẹ̀ kí táìlì lè yọ síta, a fi fínígà rẹ àkísà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì oníke gbo ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣí. Ibi tó ṣe agídí, òkúta pómìsì la fi ha á, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ha gìgísẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ tó lò ó. Kò dára fún táìlì onígíláàsì o, yóò fá a. Bẹ́ẹ̀ ni kí fínígà tàbí ásíìdì má kan mábù, nítorí òkúta ẹfun ni mábù fúnra rẹ̀, ásíìdì á jẹ ẹ́.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo hydrochloric acid, korobá oníke tó mọ́ tónítóní, ìbọ̀wọ́, awò ojú. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ korobá, ìwọ̀n mẹ́wàá, kí ásíìdì ìwọ̀n kan tó tẹ̀ lé e. Ẹ má yí i padà, torí ásíìdì lè ta yín lójú. Kò gbọdọ̀ pẹ́ lára táìlì, kó má baà jẹ sìmẹ́ǹtì àárín wọn. Omi bátìrì ńkọ́? Rárá. Ásíìdì tirẹ̀ yàtọ̀, ó tún lè fi oríṣi funfun mìíràn rọ́pò èyí tẹ́ ẹ ń lé.

Ẹnìkan gba ẹ̀gbọ́n mi nímọ̀ràn pé kó kúkú da gbogbo omi náà nù. Ní Lẹ́kí, nígbà òjò! Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn níbẹ̀. Púùlù tó bá ṣófo, omi ìsàlẹ̀ lè tì í sókè kó sán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ omi, a sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, kílórìn olómi ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Kò ní kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n òun náà máa ń gbé pH sókè, nítorí náà bọ̀dá ń wọn omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń tọ́jú pH sáàárín 7.4 sí 7.6, ó sì ń gbo etí púùlù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Korobá méjì ló ní báyìí. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ÁSÍÌDÌ gàdàgbà sára ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.