Kòkòrò Àrùn Lára Ẹni Tí Kò Ṣàìsàn

Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, bí ó ti rí ní ilé ìwòsàn gbogbo, agbálẹ̀ àti afọṣọ pẹ̀lú a máa súnmọ́ aláìsàn. Ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Staphylococcus aureus ń gbé ihò imú nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 10, láìṣe wọ́n ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àìfọ̀ bá gbé e dé ojú ọgbẹ́, ó lè di ikú.

Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí penisilíìnì ní 1928, kìlọ̀ ní 1945 pé bí oògùn kò bá tó ìwọ̀n, kòkòrò yóò kọ́ bí a ti í borí rẹ̀. Nígbà náà apá oògùn kò ní ká a mọ́.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbà gbogbo. Kí aláìsàn má sì ṣe dá oògùn dúró kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé.