Ìbàdàn sí Àbújá: Wákàtí kan tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kì í ṣe wákàtí kan péré

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá máa rí i pé ìrìnàjò náà kò ju bíi wákàtí kan lọ. Ìyẹn ló ń mú káwọn kan fi àdéhùn sí aago mẹ́wàá àárọ̀ l'Ábùújá, nígbà tí bàálù wọn máa gbéra láago mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn tó wà ní Alákíà dé pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe l'Ábùújá, bí wọ́n bá fa ìlà tààrà, ó jẹ́ nǹkan bíi 405 kìlómítà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò gba Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Kábà àti Lọ́kọ́ja máa rin ju 500 kìlómítà lọ, torí títì ní láti yí òkè po, kó sì wá ibi tí afárá wà. Bàálù ò ní ti òkè àti odò rò.

Bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ti wà lókè réré lè sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá ṣírò ó, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló yẹ kó fi dé Àbújá. Ibo wá ni ìṣẹ́jú tó kù ń gbà lọ?

Àkókò tí wọ́n ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti kúrò lójú ibi tó dúró sí, títí tó fi máa dúró jẹ́ẹ́ ní pápákọ̀ kejì. Ó máa kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀, ó máa gbàṣẹ kó tó gbéra, ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé Àbújá ni yóò sì ti máa dín eré kù, tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Nírú ìrìnàjò kúkúrú báyìí, kì í pẹ́ rárá lórí eré àsápajúdé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ro ti ilẹ̀ mọ́ ọn. Ó kéré tán, kí èèyàn ti wà ní Alákíà ní wákàtí kan ṣáájú. Tó bá balẹ̀ tán, yóò dúró gba ẹrù, pápákọ̀ Àbújá sì tó nǹkan bíi 40 kìlómítà sí àárín ìlú. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi àdéhùn, ó lè gba wákàtí mẹ́rin.

Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ bàálù ò ní rí ojú ọ̀nà tó fẹ́ bà sí dáadáa. Wọ́n á ní kó dúró, tàbí kó lọ balẹ̀ síbòmíràn. Inú lè bí èrò, àmọ́ ẹ̀mí ò ṣe é fi tàfàlà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìdánwò, ẹjọ́ tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà l'Ábùújá, kó yáa lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Owó ilé ìtura alẹ́ kan kò tó ohun tí èèyàn máa pàdánù bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.