Bí Ìwòsàn Kò Bá Sí, Ìtọ́jú Ń Bẹ

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ilé ìjọsìn wa ní Kàbà a máa kún fún ikọ́. Àgbà a húkọ́, ọmọdé a húkọ́, oníwàásù a sì dúró díẹ̀ kí ariwo náà lè rọlẹ̀. Kò sí ẹni tí í kọminú sí i, nítorí a mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí eruku bá sì ti sùn, ikọ́ ọyẹ́ a bá ọyẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan wà nínú ìjọ wa, àgbẹ̀ oníṣu àti olóko kọfí, tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí ikọ́ tirẹ̀ kò lọ. A kọ ebè, a gbin iṣu, iṣu yọ, a fi ọ̀pá tì í, ikọ́ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ara rẹ̀ ń joro, aṣọ rẹ̀ ń tóbi jù ú lọ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jáde.

Ìgbà náà ni ó tó gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọn kò rí i. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni a ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, pé ó ti tàn dé egungun, àti pé iṣẹ́ abẹ kò lè mú un kúrò mọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ fún gbogbo ẹbí pé, “Wọ́n ní kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n jíròrò lé lórí. Pé kò sí ìwòsàn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n pé kò sí ohun tí a lè ṣe, irọ́ ni, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá yìí kí àrùn tó pa á. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi pàápàá ṣàṣìṣe. Mo lọ kí i, mo dúró ní ìsàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀, mo sì gba irú àdúrà tí a máa ń gbà fún ẹni tí ó ń lọ. Bí mo ti ṣe àmín tán ni ó yí ojú sí mi, tí ó wí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ wá kí mi ni, tàbí ẹ wá sin mí?” Ojú tì mí gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

IRÚ ÀRÙN TÍ Ó JẸ́

Jẹjẹrẹ a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn èérún ara tí ojú lásán kò lè rí bá ń pọ̀ sí i láìgba ìjánu, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kan ti í gba oko mọ́ iṣu lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́, wọn a bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí egungun, sí ẹ̀dọ̀ tàbí sí ọpọlọ, wọn a sì tún hù níbẹ̀. Ní ọdún 1950, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn bí tábà mímu àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti so pọ̀ mọ́ ara wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti dájú pé tábà ni olórí ohun tí ń fà á. Síbẹ̀ àwọn mìíràn wà tí wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí tí ó mú. Èéfín igi ìdáná nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ pẹ̀lú a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ti aláìsàn kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, kí a má sì wá àjẹ́ tí ó ṣe é kiri nínú ẹbí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀: jẹjẹrẹ kì í ràn. Ní ilé bàbá yìí, wọ́n ti ya ife rẹ̀ àti àwo rẹ̀ sọ́tọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju àrùn lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni í ràn, òun sì ni a lè wò sàn. A kì í gba owó oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Nítorí pé àrùn méjèèjì jọ ara wọn, ẹni tí ó bá húkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí kò bá sì jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí bí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò bá ṣiṣẹ́, kí ó béèrè àwòrán àyà.

Kì í ṣe tálákà àti ará oko nìkan ni a kì í tètè mọ àrùn yìí lára wọn. Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi ti ìlú Oǹdó, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí agbèjà àwọn mẹ̀kúnnù, ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé wọn kò mọ̀ ọ́n nílé, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, nígbà tí àrùn náà ti wà lára rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi oyè OFR dá a lọ́lá. Ó kọ oyè náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó sùn ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ní ẹni ọdún 71. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n àwa Onígbàgbọ́ lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀ pé ẹni tí àrùn yìí mú ṣì ní ìpinnu láti ṣe àti ọ̀rọ̀ láti sọ.

ÌTỌ́JÚ TÍ Ń MÚ ARA DẸ̀

Ní ọdún 1967, obìnrin Onígbàgbọ́ kan, Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ṣí ilé St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí a kò lè wò sàn mọ́. Ó kọ́ni pé ìrora irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní apá mẹ́rin: ìrora ti ara, ti ọkàn, ti ilé àti ìdílé, àti ti ẹ̀mí, ẹni tí ó bá tọ́jú ọ̀kan tí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ kò tíì tọ́jú ènìyàn náà. Dókítà Anne Merriman, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn míṣọ́n ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, gbé iṣẹ́ yìí dé Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní ọdún 1993. Mọ́fíìnì tí a po mọ́ omi, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí aláìsàn lè mu nílé, ni ó fi ṣe é. Ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tí ó fi ìdí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí ó bá gba ìtọ́jú yìí ti gbà fún ikú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ènìyàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn káàkiri ara. Gbogbo wọn ni a fún ní ìtọ́jú jẹjẹrẹ bí ó ti yẹ. Apá kan nínú wọn nìkan ni a sì fún ní ìtọ́jú tí ń mú ara dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara tu àwọn wọ̀nyí ju àwọn yòókù lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì wọn kéré, wọ́n sì pẹ́ láyé jù: ìdajì wọn kọjá oṣù 11 àti ààbọ̀, nígbà tí ìdajì àwọn yòókù kò lò tó oṣù 9. Ẹ̀mí kò di ti àìlópin, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó kù pọ̀ sí i, ó sì dára sí i.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ìrora. Kí aláìsàn má ṣe pa á mọ́ra bí ẹni pé ìgboyà ni. Bí oògùn kékeré kò bá ká a, kí a béèrè mọ́fíìnì lọ́wọ́ dókítà. Ní àkókò rẹ̀ ni a máa ń lò ó, kì í ṣe ìgbà tí ìrora bá bọ́ sórí tán. Bí a bá lò ó bí dókítà ti wí, kì í pani, kì í sì í sọ aláìsàn di oníwàkuwà. Ó máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà kí a gba oògùn ìyàgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí a pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Ìtọ́jú onítànṣán, tí wọ́n ń ṣe ní Ìbàdàn àti ní Èkó, lè dẹ ìrora egungun.

2. Èémí. Bí èémí bá ń kúrú, kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi apá lé ìrọ̀rí lórí tábìlì. Kí a ṣí fèrèsé, kí a máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Kí a má dáná nítòsí rẹ̀. Nígbà mìíràn omi ni ó kó sí àyà, dókítà sì lè fà á.

3. Oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀, nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú. Kí a má fi agbára rọ ọ́. Àrùn ni ó mú ìyánnú lọ, kì í ṣe agídí.

4. Ewu. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé kú tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́, tàbí tí ó ń pọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má dúró di ọ̀la.

5. Owó. Kí a tó ta ilẹ̀, kí a bi dókítà léèrè: Kí ni oògùn yìí yóò ṣe? Ìgbà mélòó ni a ó lò ó? Eélòó ni gbogbo rẹ̀? Oògùn oníhóró kan wà tí ó ń ran irú jẹjẹrẹ kan lọ́wọ́ tí kì í ran òmíràn, àyẹ̀wò ni ó sì ń fi èyí hàn. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò wò ó sàn pátápátá bí ẹ bá san owó lónìí, ẹ sá fún un.

6. Òtítọ́. Kí a bi aláìsàn bí ó ti fẹ́ mọ̀ tó, kí a sì sọ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tí a bá tàn jẹ kò ní àyè láti tún ilé rẹ̀ ṣe.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Kàbà. Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀ fún àwọn ará Yàgbà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja, nǹkan bí kìlómítà 80 sí Kàbà. Kí a béèrè níbẹ̀ ẹni tí ń tọ́jú ìrora, àti ibi tí a ó ti rí oògùn náà.

IṢẸ́ ÌJỌ

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Olúwa wa pàápàá, ní ọgbà Gẹtisémánì, kò ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn gba ago náà lọ́wọ́ òun. Ó kàn ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà ni, wọ́n sì sùn lọ. Ìṣọ́nà yìí ni a pinnu láti ṣe fún bàbá wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀wẹ̀ ro oko iṣu rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ pín òru mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ìyàwó rẹ̀ lè sùn, nítorí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn a máa ṣubú bí a kò bá gbé e ró. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi ń ka ìwé fún un ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a ti rí mọ́fíìnì, ó tún ń jókòó síta, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì tún wọ yàrá rẹ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ohun tí ó ń retí. Ó ní òun kò retí pé òun yóò tún kọ ebè mọ́. Òun fẹ́ jẹ iṣu titun, òun fẹ́ fi ààlà oko han ọmọ òun, òun sì fẹ́ kí òun àti àbúrò òun parí ìjà ọlọ́dún gígùn tí ó wà láàárín wọn. Ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọyẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó sùn, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, àbúrò rẹ̀ ni ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ará, ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan náà, “Okun o”, ni a fi ń kí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà, àti ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú. Bí ẹ bá gbọ́ pé a ti sọ fún ẹnì kan ní àdúgbò yín pé kò sí ìwòsàn, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó lọ. Ẹ lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jókòó, ẹ bi í léèrè ohun tí ń dùn ún, kí ẹ sì mú ọkọ́ lọ́wọ́ bí oko rẹ̀ bá ti kún.