Erékùṣù Tí Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àlejò

Bí ẹ bá ṣí fóònù yín lónìí, kò ní pẹ́ tí àwòrán etíkun kan yóò fi kò yín lójú: yanrìn funfun bí ìyẹ̀fun, omi tí ó mọ́ gaara débi pé òjìji ọkọ̀ ń hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, igi àgbọn tí ó tẹrí ba sí òkun, àti arẹwà obìnrin kan tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Àwòrán náà kì í fi ogunlọ́gọ̀ tí ó tò sẹ́yìn ayàwòrán hàn, àwọn tí ń dúró kí ó kàn wọ́n láti ya tiwọn. Kì í fi ibi tí ilé ìtura ń da omi ẹ̀gbin sí hàn. Kì í sì í fi ojúlé àwọn onílé hàn, àwọn tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu níbẹ̀ kí ayé tó mọ orúkọ erékùṣù wọn.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń tọ ipasẹ̀ ìròyìn àwọn erékùṣù àti ìlú etí òkun tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Àwọn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú wọn ni àwọn tí ó dìde lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kí àlejò dúró síta ná. Ọmọ Yorùbá kò ní í ṣàì béèrè pé kí ni ó lè mú onílé ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó gbé owó wá fún un. Nínú àṣà wa, omi tútù ni a fi ń pàdé àlejò. Àmọ́ àwọn baba wa náà ni wọ́n sọ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Boracay: Oṣù mẹ́fà láìsí àlejò

Erékùṣù kékeré ni Boracay, ní orílẹ̀-èdè Philippines. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 7, ibi tí ó sì tín-ínrín jù níbẹ̀ kò tó kìlómítà kan. Àwọn ẹ̀yà Ati ni wọ́n ti wà níbẹ̀ kí àwọn mìíràn tó dé. Ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni etíkun funfun kan wà tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 4, etíkun yìí sì ni ó gbé orúkọ erékùṣù náà káàkiri ayé. Ní ọdún 2017 nìkan, àwọn àlejò tí ó wọ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2.

Ẹ wo ìlú tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn já láàárín wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì ro ohun tí mílíọ̀nù méjì ènìyàn yóò jẹ, ohun tí wọn yóò mu, àti ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò gbà jáde. Ilé ìtura ń pọ̀ sí i, àwọn mìíràn ń kọ́lé dé ibi tí omi òkun ń fọwọ́ kàn, àwọn kan sì ń da omi ẹ̀gbin tí wọn kò fọ̀ mọ́ sínú òkun tí àlejò ń lúwẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, Rodrigo Duterte, sọ ní gbangba pé erékùṣù náà ti di kòtò ìdọ̀tí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, wọ́n tì í pa fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Yorùbá ní ẹni tó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Ní Boracay, ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jẹ gbì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú gbì. Òótọ́ ni pé àwọn onílé ìtura ńlá pàdánù owó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó nílé ìfowópamọ́ lè jókòó fún oṣù mẹ́fà. Atukọ̀, adirun, alásè àti ẹni tí ń ta àgbọn létí omi kò lè jókòó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn nígbàkigbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n ti etíkun kan pa: ohun tí ó tọ́ ni láti tún un ṣe, àmọ́ ẹnì kan wà tí ebi yóò kọ́kọ́ pa.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣí. Ìjọba wá fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé àwọn àlejò tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 19,200 lọ. Wọ́n fòfin de sìgá mímu àti ọtí mímu lórí yanrìn, ilé ìtura tí ìwé rẹ̀ kò sì pé kò rí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí lọ́jọ́ náà.

Maya Bay: Etíkun tí sinimá sọ di olókìkí

Ní orílẹ̀-èdè Thailand, ní erékùṣù Phi Phi Leh, etíkun kékeré kan wà tí àpáta gíga yí ká bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ méjèèjì gbá nǹkan mọ́ra. Maya Bay ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya sinimá The Beach, tí Leonardo DiCaprio kópa nínú rẹ̀, tí ó sì jáde ní ọdún 2000. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ kò ti gbèrò níbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó tì í, nǹkan bíi 5,000 ènìyàn ni ó lè wọ etíkun tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 250 lọ yìí lóòjọ́ kan.

Ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ kò hàn sí ẹni tí ó dúró lórí yanrìn. Iyùn abẹ́ omi ni. Nígbà tí a bá gbọ́ iyùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba àti ti ìyàwó tuntun ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀dá alààyè ni iyùn. Àwọn ẹranko wíńníwíńní ni wọ́n ń kọ́ ilé olókùúta yìí díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilé náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ti ń wá oúnjẹ, tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ wọn. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan lè fọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn èròjà kan nínú ìpara tí a ń fi dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn náà ń pa á lára, ìdí nìyí tí Thailand fi fòfin de irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọgbà ìtọ́jú inú òkun rẹ̀ ní ọdún 2021.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n ti Maya Bay. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dá, àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ rí bí ọgbẹ́ náà ti jinlẹ̀ tó, wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n gbin iyùn tuntun sínú omi bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ekurá, ẹja eléyín mímú tí ṣóńṣó lẹbẹ rẹ̀ dúdú, tí ariwo ọkọ̀ ti lé lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ìgbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 2022 ni àlejò tó tún fojú kàn án, pẹ̀lú òfin tuntun: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ iwájú etíkun náà mọ́, ẹ̀yìn erékùṣù ni yóò gúnlẹ̀ sí, iye ènìyàn tí yóò wọlé ní níye, wọn kò sì gbà kí àlejò máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Lọ́dọọdún, wọ́n tún ń tì í fún ìgbà díẹ̀ ní àsìkò òjò kí ó lè sinmi.

Palau: Àlejò tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́

Orílẹ̀-èdè kan wà nínú òkun Pàsífíìkì tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 18,000 lọ, tí àwọn erékùṣù rẹ̀ sì lé ní 300. Palau ni. Láti òpin ọdún 2017, bí ẹ bá dé ibẹ̀, wọn yóò lu òǹtẹ̀ kan sínú ìwé ìrìnnà yín. Ẹ̀jẹ́ ni ó wà nínú òǹtẹ̀ náà, àwọn ọmọdé Palau sì ni a ń jẹ́ ẹ fún: pé a ó rọra tẹlẹ̀, pé a kò ní ba ilé wọn jẹ́. Ẹ ó fọwọ́ sí i kí ẹ tó wọlé.

Ohun tí ó jẹ mí lógún jù nípa Palau dàgbà ju òǹtẹ̀ yẹn lọ. Wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní bul. Nígbà tí ẹja bá ń dín kù níbì kan, àwọn ìjòyè yóò kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ títí tí ẹja yóò fi bí sí i. Bí mo ti kà á ni ààlè wa wá sí mi lọ́kàn, àkísà tàbí ìgbálẹ̀ tí a so mọ́ igi léti oko, tí kò sọ̀rọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ohun tí ó wí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni òfin ńlá tí Palau gbé ka orí àṣà yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọ́n ya ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún omi òkun wọn sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ apẹja. Àṣà àtijọ́ ni wọ́n fi gba ọjọ́ iwájú là.

Venice: Nígbà tí onílé bá ń kó jáde

Erékùṣù kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n so pọ̀ di ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì. Omi ni òpópónà rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nǹkan bíi 175,000 ènìyàn ni ń gbé inú ìlú àtijọ́ náà. Lónìí, wọn kò tó 50,000 mọ́. Onílé rí i pé owó tí àlejò ń san fún ọjọ́ mélòó kan ju èyí tí ayálégbé ń san lóṣù lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ń ta búrẹ́dì di ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ẹ̀bùn ìrántí. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ gbéyàwó kò rí yàrá gbà ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí.

Ní ọdún 2021, wọ́n lé àwọn ọkọ̀ akérò ńláńlá kúrò ní ojú odò àárín ìlú. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 ní àwọn ọjọ́ kan lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sun ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ ìlú kan tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, pé àwọn kò fẹ́ kí a sọ ìlú àwọn di ọgbà ìgbafẹ́ tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Yúrò márùn-ún kò lè dá ọmọ onílé kan padà. Ilé tí apá rẹ̀ ká ni ó lè dá a padà.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Èmi kò sọ pé kí a má ṣe rìn. Ojú tí ó bá ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ìrìn-àjò sì ń la ọ̀dọ́ lójú. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ béèrè àwọn nǹkan díẹ̀ wọ̀nyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìsinmi lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ẹ béèrè ẹni tí ó ni ilé tí ẹ fẹ́ dé sí. Ní Maldives, fún àpẹẹrẹ, àwọn erékùṣù kan jẹ́ ti ilé ìtura olówó gọbọi nìkan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú ní ilé àlejò tiwọn ní àwọn erékùṣù tí àwọn fúnra wọn ń gbé, bíi Maafushi. Owó rẹ̀ kéré sí tàwọn ńlá, ọwọ́ onílé ni ó sì ń bọ́ sí. Ẹ rántí pé ìlú Mùsùlùmí ni: wọn kì í ta ọtí ní irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni a sì ti ń wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹ béèrè àsìkò. Ìjì líle máa ń jà ní agbègbè Caribbean láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kọkànlá, Maya Bay sì lè wà ní títì lọ́jọ́ tí ẹ bá dé e.

Ẹ pẹ́ díẹ̀ níbi tí ẹ bá lọ. Ẹni tí ó sun ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú kan yóò jẹun níbẹ̀, yóò ra ọjà níbẹ̀, yóò sì mọ orúkọ ẹnì kan. Ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ìdọ̀tí àti àwòrán ni ó sábà máa ń fi sílẹ̀.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìpara yín, ẹ má ṣe fọwọ́ kan iyùn, ẹ má sì kó ìkarawun ilẹ̀ wálé.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè nìkan ni èyí. Èkó ni mo ń gbé, mo sì mọ bí etíkun wa ṣe máa ń rí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún: ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀rá omi, abọ́ oúnjẹ àjẹkù. Kò sí ẹni tí ó ti etíkun wọ̀nyí pa fún oṣù mẹ́fà, a kò sì tíì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ọmọdé kankan. Bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ẹ mú àpò kan dání fún ìdọ̀tí yín, kí ẹ sì gbé e padà wálé.