Àfọ́kù táìlì tí ẹ fẹ́ẹ́ dà nù yẹn, tábìlì ni!

Bóyá ni ilé tuntun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí èèyàn kò ní í bá àfọ́kù táìlì lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bíríkìlà yóò gé èyí tó bá igun ògiri mu, yóò ju ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí onílé yóò sì fi kó wọlé, alángbá ti sọ òkìtì náà di ibùgbé. Owó onílé ló wà nílẹ̀ yẹn o! Páálí ni wọ́n fi ń ta táìlì, ẹni tó bá sì sanwó páálí ti sanwó àfọ́kù inú rẹ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ Yorùbá ní títo àfọ́kù. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Wọn kì í tẹ́ ẹ kalẹ̀ gbalaja. Etí ni wọ́n ń dá a dúró lé, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, wọ́n a sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ níbòmíràn kó lè di ọnà. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Frank Willett bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bá. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Nílùú Barcelona, nílẹ̀ Spéènì, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Antoni Gaudí ń fi àfọ́kù táìlì ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọgbà Park Güell, tí wọ́n kọ́ láti 1900 sí 1914.

Nínú ilé, tábìlì kékeré ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ti dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, gbogbo àlejò ń yìn ín. Bí ọyẹ́ bá dé, táìlì a bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé. Wọ́n á ní gọ́ọ̀mù ni kò dáa. Irọ́ ni, pákó ni! Igi a máa mu omi lásìkò òjò, a sì wú. Lásìkò ọyẹ́ a gbẹ, a súnkì. Táìlì kì í wú, kì í sì í súnkì. Bí ọ̀kan bá ń rìn tí èkejì dúró sójú kan, dandan ni kí wọ́n já ara wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àjà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Maríìnì bọ́ọ̀dù tí àwọn adakọnkéré ń lò, tó nípọn tó mìlímítà 18, ló dára. Kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ tó ń dán kúrò pátápátá, nítorí gọ́ọ̀mù kì í di ojú dídán mú. Kí wọ́n kun abẹ́ àti etí rẹ̀ lọ́dà, kí omi má ráàyè wọlé.

Inú àpò ìrẹsì ni kí wọ́n kó táìlì sí kí wọ́n tó fi hámà lù ú, kí wọ́n wọ awò ojú, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà. Kí wọ́n má da táìlì ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ògiri: ìnípọn wọn kò dọ́gba, ife omi yóò sì máa fì lórí tábìlì. Kí wọ́n kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù, kí etí tó mú kọjú sínú. Gọ́ọ̀mù táìlì alápò, irú èyí tó lè bá igi ṣe, ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn lásán kì í di igi mú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó di àlàfo rẹ̀. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló kù. Táìlì ilẹ̀ tó gba mítà kan níbùú lóròó lè wọ̀n tó kìlógíráàmù 20, láìka pákó abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì àtijọ́ tó ti ń mì kò lè gbé e. Wẹ́dà ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kó fi irin jó òmíràn.