Aago Ọwọ́ fún Ọrùn Ọwọ́ Tín-ín-rín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí aago rí sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn tí ọrùn ọwọ́ wọn tín-ín-rín ni ọ̀ràn yìí kàn jù, nítorí pé ẹ̀wọ̀n irin tí a fi ń de aago sábà máa ń gùn ju ohun tí ọwọ́ wọn gbà lọ. Bí aago bá ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, yóò máa kọlu ilẹ̀kùn àti tábìlì títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́. Ó sì lè bọ́ sọnù láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ̀.

Wíwọn ọwọ́ ni ó ṣáájú. Kí a fi òwú yí ọrùn ọwọ́ po, kí a sì nà án sórí rúlà. Bí ọwọ́ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, tí inú ẹ̀wọ̀n sì jẹ́ 18, ó hàn gbangba pé ẹ̀wọ̀n náà gùn jù. Kí a tún wo ibi méjèèjì tí ẹ̀wọ̀n ti so mọ́ aago. Bí wọ́n bá yọ kọjá etí ọwọ́, aago fúnra rẹ̀ ni ó tóbi jù; dídín ẹ̀wọ̀n kù kò lè wo àbùkù yìí sàn.

Ojú kéékèèké tí a fi ìṣó wẹ́wẹ́ so pọ̀ ni ẹ̀wọ̀n irin. Ẹni tí ń tún aago ṣe lè fa ìṣó yọ, kí ó sì mú ojú díẹ̀ kúrò. Kí ó mú un kúrò ní apá méjèèjì, kí ibi tí ẹ̀wọ̀n ti ń pa dé lè wà ní àárín abẹ́ ọwọ́. Bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa ni ọwọ́ lára nígbà tí a bá ń kọ̀wé. Kí a tọ́jú àwọn ojú tí a yọ, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé ṣì ń dàgbà.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọwọ́ a máa wú díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú tàbí tí a bá ń ṣeré ìdárayá. Bí ẹ̀wọ̀n bá fún pinpin, òógùn yóò dúró sábẹ́ rẹ̀, awọ ara yóò sì bó. Èyí tí ó dára ni èyí tí ọmọ-ìka tó kéré jù lọ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tí irin bá ń yún lára lè lo okùn aláwọ, kí a sì lu ihò kan kún un. Ṣùgbọ́n òógùn a máa tètè ba awọ jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú nítorí pé aago kékeré ni ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ṣáájú ogun 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Yúróòpù ka aago ọwọ́ sí ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin. Inú àpò ni wọ́n ń fi tiwọn sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun rí i pé ó rọrùn láti wo ọwọ́ ju kí a máa wá inú àpò lọ, ìtìjú náà tán. Ìwúlò aago ni iyì rẹ̀, ẹni tí aago rẹ̀ bá sì jókòó dáradára ni ó ń gbádùn ìwúlò náà.