Kí Ọlọ́pàá Tó Tú Búùtù Ọkọ̀ Yín

Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Warri ti ní kí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú ṣì wà bó ṣe wà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ohun tí ọlọ́pàá lè ṣe fún awakọ̀ lójú títì. Èyí tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni ohun tí òfin ń pè ní ìfura tó nídìí.

Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tú u. Ọlọ́pàá lè ní kí ẹ fi láísẹ́ǹsì àti pátíkúlà hàn. Kó tó tú búùtù, ó gbọ́dọ̀ rí tàbí gbọ́ ohun kan pàtó. Ká ní wọ́n jí Corolla pupa kan ní Ìfàkì, tí wọ́n ti fi nọ́mbà rẹ̀ ránṣẹ́, tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì yọ lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé: ìdí nìyẹn. Àmọ́ kí ọmọkùnrin kan dirun, kó wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, kó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ọkọ̀, kì í ṣe ìdí rárá. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé irun, ọjọ́ orí àti aṣọ kò tó ohun tí wọ́n lè fi fura sí èèyàn. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, dípò òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1943. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ìgboro fún ìwọ́de EndSARS, lórí ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ wọ́n, èyí tí òfin tuntun náà ti kà léèwọ̀.

Ní ti dídá ọkọ̀ dúró, òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìrìnnà ojú pópó ọdún 1988 jẹ́ kí ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́ dá ọkọ̀ yòówù dúró láìsọ ìdí. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 1979 pé wọn kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá awakọ̀ kan dúró nítorí láísẹ́ǹsì nìkan.

Ní ti Èkìtì, ta ló lè gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, tí àwọn afurasí ajínigbé pa ọba méjì, Onimojo ti Imojo àti Elesun ti Esun, lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé? A fẹ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà wa. Síbẹ̀, lérò tèmi, ìbẹ̀rù ajínigbé kò sọ gbogbo èrò ọkọ̀ di afurasí.

Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí yín, ẹ dúró, ẹ yí gíláàsì sílẹ̀, ẹ mú pátíkúlà fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí búùtù, ẹ fi sùúrù béèrè pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fura sí?”